Ẹja Ilé Àparò Mẹ́ta

"Rahmah, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ lọ tà mí?"

Alhaja Hàlímọ̀tù, ìyá ìyá Rahmah tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, láàárọ̀ Sátidé kan ní ìparí oṣù karùn-ún. Ó wọ àbáyà dúdú, ó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó sì wọ kánfáàsì funfun tuntun tí wọ́n rà fún un ní Rye Lane. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ó dúró gbọin bí ẹni tó fẹ́ sáré ìje.

"Grandma, a ò lè tà yín," Rahmah fèsì. "Kò sẹ́ni tó máa lè price yín."

Màmá rẹ́rìn-ín. Bernice náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọmọ Ghana ni Bernice, òun àti Rahmah jọ wà ní kíláàsì kan náà, òun àti Màmá sì máa ń gbọ́ ara wọn yé lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé.

Ìrìn ọjọ́ yẹn kì í ṣe eré lásán fún Rahmah. Ní oṣù kẹjọ, ilé ìwé wọn yóò kó ọmọ méjìlá lọ sí orí òkè ní Wales fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn yóò máa rìn lọ́sàn-án, wọn yóò sì máa sùn nínú àgọ́. Orúkọ Rahmah wà nínú àwọn méjìlá náà. Ìyá rẹ̀, Mìsítúrà, tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell, ni kò gbà.

"Five days? Nínú tent?" ni Mìsítúrà wí. "Ta ló máa máa wò ẹ́? Ta ló máa mọ ohun tí ò ń ṣe?"

Rahmah bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ náà sú Mìsítúrà, ó ní, "Ó dáa. Mú Màmá jáde lọ́jọ́ kan. Ìwọ ni kó o plan ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: train, ọ̀nà, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀. Bí Màmá bá padà wá sọ fún mi pé o ṣeé fọkàn tán, wàá lọ sí Wales. Bí wọ́n bá ní o ò ṣeé fọkàn tán, mi ò fẹ́ gbọ́ Wales mọ́ nínú ilé yìí."

Rahmah bá múra sí i. Ó wá ìrìn kan tí yóò yí po, tó jẹ́ pé ibùdókọ̀ tí wọ́n bá sọ̀ sí náà ni wọn yóò padà sí, máìlì márùn-ún péré, ní abúlé kan ní Kent tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Peckham lọ tààrà. Ó ra máàpù, ó yá kọ́ńpáàsì, ó tilẹ̀ wo ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, níbi tó yẹ kí àgbàlagbà ti sinmi kó jẹun kó sì rí ilé ìtọ̀, ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilé ọtí sì ni.

Gbogbo ẹni tó mọ Màmá ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ó bá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, títì ló máa ń kọjá sí òdìkejì kó má baà gba ẹnu ọ̀nà ilé ọtí tó wà ní ìkóríta wọn.

"Sọ fún wọn pé ilé oúnjẹ ni," ni Bernice gbà á nímọ̀ràn. "Ṣé wọn kì í ta oúnjẹ níbẹ̀ ni? Kì í ṣe irọ́, innit?"

Nítorí náà, nígbà tí Màmá bèèrè ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé, "Níbo la ti máa jẹun? Ṣé kí n dín ẹja dání?" Rahmah ò tilẹ̀ gbé ojú sókè lórí máàpù rẹ̀.

"No, Grandma. Ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta fish and chips."

"Ẹja? Tó bá ti jẹ́ ẹja, ọ̀rọ̀ parí," ni Màmá wí, ó sì dá ẹja inú omi padà sínú fìríìjì.

Àwọn àgbà ní purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ẹ̀tẹ́ kì í tètè dé. Ó máa ń jẹ́ kí òpùrọ́ kọ́kọ́ gbádùn ara rẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n gbádùn ara wọn lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n sì kúrò lójú títì ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ símú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan tó mọ́ gaara, ó ń wo ẹja wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ó rí àgùntàn nínú pápá, ó sì dúró tì wọ́n pẹ́, nítorí Iléyá kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. Ó nàka sí ọ̀kan tó sanra dáadáa. "Eléyìí," ni ó wí, bí ẹni pé olówó rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a dúnàá-dúrà.

Níwájú díẹ̀, Bernice na ọwọ́ sí ewéko kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì pariwo. Màmá tẹ̀ ba, ó wo ewé náà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé.

"Èsìsì nìyí! Háà! Èsìsì oko bàbá mi nílùú Ìwó, ìwọ náà gba visa?" Ó já ewé gbọọrọ kan tó hù nítòsí, ó rún un, ó sì fi pa ọwọ́ Bernice títí ó fi rọ̀ ọ́.

Wọ́n dé ibi tí ọgbà onígi kan dí ọ̀nà, tí wọ́n wá ṣe àtẹ̀gùn kékeré lé e kí ènìyàn lè gùn ún kọjá. Màmá wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀.

"Wọ́n ṣe ọgbà, wọ́n tún ṣe àtẹ̀gùn sí i. Ta wá ni wọ́n ń dá dúró?"

"Máàlù ni, Grandma. Máàlù ò lè gun stairs."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ká àbáyà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn náà, ó sì sọ̀ sí òdìkejì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Rahmah kò rí i kí Màmá rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé London. Inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibi oúnjẹ ni ó ń rántí irọ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Pátákó kan fì sókè ní iwájú ilé ọtí náà, wọ́n ya àparò mẹ́ta sí i. Ọ̀kan nínú wọn dúró lórí òkúta, ó ga ju àwọn yòókù lọ.

"Gbogbo àparò ló ga bákan náà, àfi èyí tó bá gun orí ebè," ni Màmá wí. "Ẹni tó ya nǹkan yìí gbọ́ Yorùbá."

Rahmah kò jẹ́ kó wo pátákó náà pẹ́. Ó yára mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sínú ọgbà tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n to tábìlì sí lábẹ́ igi. Ọkùnrin mẹ́rin kan jókòó sí tábìlì kan, ife gìrìwò wà níwájú wọn. Màmá wò wọ́n, ó wo ife wọn. Ó ní kí wọ́n fi ilé ìtọ̀ han òun. Ìgbà tó padà dé, ó jókòó, ó sì ní, "Ẹja mi dà?"

Rahmah ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ, Jonathan ni orúkọ tó wà láyà rẹ̀, gbé ẹja mẹ́ta wá. Òun náà wọlé lọ fọ ọwọ́. Ìgbà tó ń jáde bọ̀ ló rí pátákó dúdú kan lára ògiri, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ oúnjẹ sí. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú orúkọ ẹja náà mú kí ó dúró sójú kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíà ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹja kí wọ́n tó dín in.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó bi Jonathan ní èdè òyìnbó, "ṣé bíà wà nínú ẹja yìí lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bíà àdúgbò wa níbí gan-an ni!" Jonathan dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Mo ti gbé tiyín síta."

Rahmah wo ìta láti ojú fèrèsé. Àwo ẹja ti wà níwájú Màmá, ó sì ti ń fi fọ́ọ̀kì gé e. Èéfín ń rú lára rẹ̀. Màmá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè tutù.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ kọjá lórí Rahmah. Ta ni yóò mọ̀? Màmá kò lè ka pátákó yẹn. Bernice kò mọ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò jẹun tán, wọn yóò padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín, Màmá yóò sì sọ fún Mummy pé ọmọ dáadáa ni. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, Wales sì lọ nìyẹn. Ó tún rántí pé ọtí kò kan ẹnu Màmá rí láti ọdún méjìdínláàádọ́rin, pé nítorí òun ni Màmá sì ṣe jókòó síbẹ̀ tó ń fẹ́ ẹja.

Ó ki eré mọ́lẹ̀. "Grandma! Oti! Oti!"

Ẹ má bú u. Peckham ni wọ́n ti bí i, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í jókòó síbi tó yẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ọ". Ìbẹ̀rù sì tún bá a.

Màmá dá fọ́ọ̀kì dúró ní bèbè ẹnu. "Ó tì? Kí ló tì?"

"Oti, Grandma! Oti wà nínú ẹ̀!"

"Ẹja tí mò ń fi ojú mi rí yìí, o ní ó tì? Ó wà nínú ẹ̀, ó tì, èwo ni ká mú? Ọmọ yìí, jẹ́ kí n jẹun."

Fọ́ọ̀kì tún ń lọ sẹ́nu. Rahmah fi Yorùbá sílẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo: "Bíà! Grandma, bíà! They put beer inside the fish!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn wo ife tirẹ̀. Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Màmá sórí àwo.

"Pub ni ibí yìí, Grandma," ni Rahmah ń wí, omi sì ti lé sí i lójú. "Ilé ọtí ni. Mo ti mọ̀ láti ilé. Mo parọ́ fún yín torí kẹ́ ẹ lè wá. Bíà yẹn nìkan ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Màmá ti àwo náà kúrò níwájú. "Alihamudulilahi tí kò tíì dé ọ̀fun mi," ni ó wí. Ó dìde, ó gbọn àbáyà rẹ̀. Jonathan sáré wá, ó ń tọrọ àforíjì, ó ní òun lè se nǹkan mìíràn fún wọn. Màmá fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Thank you, my son. Not your fault." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹja wá ńkọ́?" ni Bernice bèèrè.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ebi ń pa ènìyàn méjì, ẹnì kẹta sì ń jẹ ẹja mẹ́ta nínú páálí. Màmá ń lọ níwájú láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Rahmah ń tẹ̀lé e, òórùn ẹja ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidi. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn jù kí Màmá bú òun. Gbogbo ohun tí ó ń sọ kò ju "ọ̀tún" àti "òsì" lọ, bí máàpù ṣe wí.

Máàlù ló parí ìjà náà. Pápá kan wà lókè tí wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá, àwọn ọ̀dọ́ máàlù bí ogún sì wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ọ̀dọ́ máàlù fẹ́ràn tó kó rí àlejò. Gbogbo wọn gbéra, wọ́n ń bọ̀ wá kí wọn. Bernice lọ́ mọ́ ẹ̀yìn Màmá, páálí ẹja wà lórí rẹ̀, ó ń pe Jésù ní Twi àti ní òyìnbó.

Màmá na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ yà! Ẹ yà níbẹ̀! Ta ló bí yín?" Máàlù ogún dúró gbagidi. Wọ́n wo kánfáàsì funfun, wọ́n wo híjáàbù, wọ́n sì yà fún un.

Rahmah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó bú jáde. Ó wá kan Màmá. Nígbà tí wọ́n fi dé òdìkejì pápá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rín ní gìgísẹ̀.

Lórí òkè náà, àkókò ìrun àílà ti tó. Màmá àti Rahmah fi omi inú ike ṣe àlùwàlá, Bernice sì jókòó dè wọ́n. Rahmah yọ kọ́ńpáàsì, ó wá ibi tí gábàsì wà, ó sì tẹ́ aṣọ òjò rẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá. Wọ́n kírun, gbogbo àfonífojì sì wà nísàlẹ̀ wọn, aláwọ̀ ewé, tó lọ títí. Ìgbà tí Màmá ṣe àdúà tán, kò dìde. Ó mú èso dàbínù jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fún Rahmah ní méjì, òun náà mú méjì.

"O rò pé n kò mọ̀?" ni ó wí.

"Mọ kí ni, Grandma?"

"Ọdún kẹtàlá mi nìyí ní Peckham. Ọkùnrin mẹ́rin jókòó ní aago méjìlá ọ̀sán pẹ̀lú ife tó tó báyìí. O rò pé mo rò pé zobo ni wọ́n ń mu?"

Ẹnu Rahmah là sílẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá dìde dúró kò lè rí i.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi wọlé?"

"Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí," ni Màmá dáhùn. "Àti pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ fún mi. Mo jókòó sábẹ́ igi, ìjókòó kò mutí. Ilé ni mo mọ̀, Rahmah, ẹja ni n kò mọ̀. Ká ní o ti sọ òótọ́ fún mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ǹ bá dín ẹja tèmi, à bá ra tíì lọ́wọ́ wọn, à bá sì jẹun yó lábẹ́ igi yẹn. N kì bá tí ní kí o má mú mi lọ. Irọ́ rẹ ló fi ebi pa wá."

Rahmah sunkún díẹ̀. Màmá jẹ́ kó sun ún.

"Ṣé ẹ máa sọ fún Mummy?" ni ó bèèrè nígbẹ̀yìn.

"Èmi kẹ̀? Ẹnu tó parọ́ ni yóò sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́, Mìsítúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Báwo ló ṣe lọ?" ni ó bèèrè. Rahmah kò jókòó. Ó dúró síwájú ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ilé ọtí, irọ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bíà inú ẹja. Kò dárúkọ Bernice. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ìyá rẹ̀ ń le sí i.

"Rahmah! Ìyá mi? O fẹ́ fún ìyá mi ní bíà jẹ?"

"Mo mọ̀, Mummy. Mi ò tún ní dárúkọ Wales mọ́."

"Mìsítúrà," ni Màmá wí látorí àga, níbi tó ti ń tú okùn kánfáàsì rẹ̀. "Èmi lo ní kí n dájọ́, àbí ìwọ ni?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Nínú igbó àti lórí òkè, ọmọ yìí kò ṣì mí lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ó ṣì mí lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bèèrè pé ta ni yóò mọ ohun tó ń ṣe bí a kò bá sí níbẹ̀. Mìsítúrà, n kò sí níbẹ̀. Òun nìkan ló ka ohun tó wà lára ògiri. Ká ní ó dákẹ́ ni, ǹ bá jẹ ẹja, ǹ bá sì wá yìn ín fún ọ báyìí. Ó mọ̀ pé Wales ni òun ń fà ya, ó sì sáré wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ọmọ tó ń sọ òótọ́ níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń wò ó, ibo ni ẹ̀rù rẹ̀ á ti máa bà ọ́?"

Mìsítúrà wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ mú bírò.

"Gbé form Wales yẹn wá," ni ó wí. "Àmọ́ láti òní títí di August, every Saturday, ìwọ lo máa dín ẹja fún gbogbo ilé. Omi nìkan lo máa fi po flour ẹ."

Igbe ayọ̀ tí Rahmah ké pọ̀ débi pé ará ìsàlẹ̀ kan àjà wọn. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó gbá Màmá mọ́ra, ó sì sáré lọ pe Bernice lórí fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí Rahmah pa kí wọ́n lè fọkàn tán an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìfọkàntán náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ tó dá a lójú pé yóò gba Wales lọ́wọ́ òun ni ó sì wá gbé Wales lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí kò ti sẹ́ni tó lè mọ̀, ẹ rántí pé níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ènìyàn.